Oríkèé Ìka Tí Ẹ̀rọ Pákí Bàjẹ́: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Ní Fìdítì, ní Ìlọrà, ní Àwẹ́ àti Akínmọ̀ọ́rìn, títí dé Jọ̀bẹ́lẹ̀ tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, èèyàn ò lè rìn jìnnà kó má gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí ń rin pákí. Ọsàn ni àwọn èrò ọkọ̀ tó ń gba ojú títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ fi ń dá Fìdítì mọ̀, ṣùgbọ́n gàrí ló ń gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ ilé. Pákí tí wọ́n bá wú lóko, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá rin ín tán, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á fi jáàkì fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yan án. Nínú gbogbo wàhálà yìí, ìdí ẹ̀rọ ni ìka ti ń ṣòfò.

Ẹ wo bí ẹ̀rọ náà ṣe rí. Ìlù roboto kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi páànù bò, wọ́n sì ti fi ìṣó lu páànù náà káàkiri kí etí ihò kọ̀ọ̀kan lè yọ síta ṣóńṣó. Ẹ́ńjìnnì ló ń fi bẹ́líìtì yí ìlù náà ní eré tí ojú ò lè tẹ̀ lé. Àpótí tí wọ́n ń da pákí sí wà lókè rẹ̀. Nígbà tí àpótí bá kún, pákí á máa ti ara wọn wọlé, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbà tó bá ku ẹyọ méjì mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ń yí padà, nítorí èyí tó kù kò wúwo tó láti jókòó sórí ìlù mọ́, ńṣe ni yóò máa ta sókè. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á na ọwọ́ láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọdé tí ìyá rẹ̀ rán wá náà á na ọwọ́. Igi pẹlẹbẹ kan tí wọ́n á máa fi ti pákí wọlé ti tó láti dá èyí dúró, wẹ́dà tó ń ṣe ẹ̀rọ náà sì lè jó irin kún àpótí rẹ̀ kó ga débi tí ọwọ́ ò fi ní kan ìlù. Ó ń dùn mí pé ohun tó rọrùn tó báyìí kò sí ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀rọ.

Ọgbẹ́ tí ẹ̀rọ pákí ń dá síni lára kì í ṣe ọgbẹ́ àdá. Ibi tí àdá bá gé náà ló gé, etí ọgbẹ́ rẹ̀ á mọ́. Ńṣe ni ẹ̀rọ ń ha ni. Á ha awọ, á ha iṣan, á ha eegun, á sì ki èérí pákí àti ìpẹ́pẹ́ irin bọ inú oríkèé tó ti là sílẹ̀. Bẹ́líìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà ní tirẹ̀, òun ń fa ìka wọlé ni, á sì lọ́ ọ lọ́rùn. Àwọn ọ̀nà mìíràn ò lóǹkà: ayùn sọ́mìlì, ọ̀kadà tó ṣubú lu ọwọ́, ìbọn ṣakabùlà tó bú mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ọ̀kan wà tí àwọn èèyàn ò kà sí rárá, ìyẹn ni ti ẹni tó gbá ẹlòmíràn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu, tí eyín wá wọ oríkèé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà lè má ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kòkòrò inú ẹnu ti wọ ibi tí oògùn tí à ń pa sójú awọ kò lè dé. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì ọwọ́ náà lè ti wú, kó sì ti ní ọyún.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ mí lógún. Oríkèé ìka tó bàjẹ́ gan-an ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n agbára káká ni yóò fi padà sí bó ṣe wà. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ lè fúnni ni oríkèé tó dúró ṣinṣin tí kò ká mọ́, tàbí èyí tó ń ká díẹ̀ tí kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ló dáa? Iṣẹ́ tí ọwọ́ náà ń ṣe ló yẹ kó dáhùn. Nítorí náà, ẹni tó ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà.

Ìka mẹ́rin ní oríkèé mẹ́ta mẹ́ta: èyí tó wà níbi ẹ̀ṣẹ́, èyí tó wà láàárín, èyí tó sún mọ́ èékánná. Àtàńpàkò ní méjì, pẹ̀lú oríkèé ìdí rẹ̀ tó jẹ́ kó lè yí kọjú sí àwọn yòókù. Nínú gbogbo wọn, ti àárín ló ń fún oníṣẹ́ abẹ ní wàhálà jù. Ó ń ká tó nǹkan bí 100 dígírì, òun ló ń jẹ́ kí ọwọ́ lè di ọ̀pá ọkọ́ mú típẹ́, ó sì yára láti gan ju àwọn tó kù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹran-ara tó ní agbára nínú ìka rárá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran tó ń fà á wà ní apá, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Iṣan gígùn ló ń gbé agbára náà dé orí ìka. Ní ìhà àtẹ́lẹwọ́, iṣan méjì ló ń gba inú àpò tóóró kan kọjá lọ, bí okùn ṣòkòtò ṣe ń gba ojú rẹ̀. Ọ̀kan dúró sí eegun àárín, èkejì lọ títí dé eegun orí ìka.

Àpò tóóró yìí ni ibi tí àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀. Sterling Bunnell, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé ńlá lórí iṣẹ́ abẹ ọwọ́ ní 1944, kà á sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀. Ìdí ni pé bí iṣan bá já níbẹ̀, tí wọ́n sì rán an, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara àpò náà, ìka á wá dúró gbagidi. Ìlànà wọn nígbà náà ni pé kí wọ́n fi iṣan náà sílẹ̀ ní jíjá, kí ọgbẹ́ jinná, kí wọ́n tó lọ mú iṣan mìíràn láti ibòmíràn lára wá rọ́pò rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960 ni Claude Verdan ní Switzerland àti Harold Kleinert ní Louisville, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé wọ́n lè rán an lójú ẹsẹ̀. Kleinert á so rọ́bà mọ́ èékánná, rọ́bà náà á máa fa ìka ká sí ìhà àtẹ́lẹwọ́, aláìsàn á sì máa fúnra rẹ̀ nà án díẹ̀díẹ̀, kí iṣan má baà ráyè lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ pé iṣan tí kò bá sún á lẹ̀, oríkèé tí kò bá ká á gan.

Ní ẹ̀yìn ìka, ètò rẹ̀ yàtọ̀. Iṣan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bo ibẹ̀. Apá àárín rẹ̀ dúró sí oríkèé àárín láti máa nà án, apá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì lọ sí orí ìka. Bí apá àárín bá já, ẹni náà lè má mọ̀ rárá lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ṣì ń ran ìka lọ́wọ́ láti nà. Wọ́n á rán awọ, wọ́n á ní kó máa lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, àwọn iṣan ẹ̀gbẹ́ á ti yọ̀ wálẹ̀ sí ìhà àtẹ́lẹwọ́, oríkèé àárín á ká, kò ní nà mọ́, orí ìka á sì gbé sókè sẹ́yìn. Oríkèé tó ṣeé gbà là pẹ̀lú pátákó kékeré lọ́jọ́ kìíní ti wá di ohun tí oníṣẹ́ abẹ ń làágùn lé lórí.

Síbẹ̀, wíwò tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ ló ń tú àṣírí rẹ̀. Dókítà á ní kí ẹni náà gbé ìka lé etí tábìlì, kí oríkèé àárín ká síbẹ̀, kí ìyókù ìka kọ́ wálẹ̀. Á fi ìka tirẹ̀ tẹ eegun àárín náà díẹ̀, á wá sọ pé, “Màmá, ẹ gbìyànjú kí ẹ na ìka yín.” Bí iṣan bá wà ní pípé, ọwọ́ dókítà á mọ agbára tó ń tì í padà, orí ìka á sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Bó bá ti já, kò ní sí agbára kankan níbi oríkèé àárín, ṣùgbọ́n orí ìka á le gbagidi, nítorí gbogbo agbára ti gba ẹ̀gbẹ́ lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, pátákó á na oríkèé àárín nìkan fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á sì fi orí ìka sílẹ̀ kó máa ká. Nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera ní ìgbèríko lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó, kò gba ẹ̀rọ kankan.

Ohun tó yẹ ní wákàtí àkọ́kọ́ kò pọ̀. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó fa ọwọ́ jáde. Kí wọ́n bọ́ òrùka kíákíá, nítorí bí ìka bá wú tán, òrùka á fún un pa. Kí wọ́n da omi mímọ́ sí i dáadáa, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ. Epo ẹ́ńjìnnì, kẹrosíìnì, ewé gígún àti tábà tí wọ́n ń kì bọ ojú ọgbẹ́ ń ba ohun tí dókítà fẹ́ gbà là jẹ́. Bí ìka bá gé kúrò pátápátá, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tó tutù díẹ̀ wé e, kí wọ́n fi sínú nálọ́ọ̀nù tí wọ́n di ẹnu rẹ̀, kí wọ́n wá gbé nálọ́ọ̀nù náà lé inú omi tó ní yìnyín. Yìnyín kò gbọdọ̀ kan ìka fúnra rẹ̀. Báyìí, ìka lè dúró tó wákàtí 24. Láìsí òtútù, wákàtí 12 ló pọ̀ jù.

Ní Japan ni àwọn oníṣẹ́ abẹ méjì, Shigeo Komatsu àti Susumu Tamai, ti kọ́kọ́ da àtàńpàkò tó gé pátápátá padà ní 1965, tí wọ́n fi mírósíkóòpù rán àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. N kò ní tan ẹnikẹ́ni: irú iṣẹ́ yìí ṣọ̀wọ́n gan-an lọ́dọ̀ wa, ìka tí ẹ̀rọ pákí bá sì ti rin, kì í sábà sí ohun tó kù láti dá padà. Èyí tí àdá tàbí ayùn gé ní gbọnrangandan ló nírètí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní agbègbè wa, ọ̀dọ̀ a-to-eegun ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ. Mi ò ní bú wọn. Wọ́n wà nítòsí, wọ́n ń gbọ́ èdè ẹni, wọ́n ń gba owó díẹ̀díẹ̀, eegun tó ṣẹ́ lásán tí awọ rẹ̀ kò là sì máa ń jinná lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n oríkèé tó ti là kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá fi ọparun àti okùn di ọwọ́ tó ń wú lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá. Ìrora tó ń pọ̀ sí i dípò kó dínkù, ìka tó tutù, tó kú tàbí tó ń dúdú lọ, àmì pé kí wọ́n tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe pé kí wọ́n ní sùúrù. Ọwọ́ tí wọ́n bá dì bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsún, bí eegun rẹ̀ tilẹ̀ jinná, oríkèé rẹ̀ á ti gan.

Àwọn ilé ìwòsàn náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti fi báńdéèjì wé gbogbo ọwọ́ rìbìtì, tí ìka márààrún há sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ní kí aláìsàn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá di dandan kí ọwọ́ dúró sójú kan, bó ṣe yẹ kó dúró ti wà nínú ìwé tipẹ́: kí ọrùn ọwọ́ gbé sẹ́yìn díẹ̀, kí oríkèé ẹ̀ṣẹ́ ká tó 70 sí 90 dígírì, kí oríkèé àárín àti ti orí ìka nà. Ìdí ni pé àwọn iṣan tó so eegun pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé ẹ̀ṣẹ́ máa ń nà tán nígbà tó bá ká; bí wọ́n bá dì í ní nínà, wọ́n á súnkì, kò ní ká mọ́. Oríkèé àárín yàtọ̀ sí èyí. Bí wọ́n bá dì í ní kíká, abẹ́ rẹ̀ ni yóò súnkì, kò ní nà mọ́.

Ọ̀dọ̀ ta ni kí ẹni tó wà ní Ìlọrà tàbí Fìdítì gbà lọ? Ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀yọ́ lè fọ ọgbẹ́, wọ́n lè fúnni ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì àti oògùn tí ń pa kòkòrò, kí wọ́n sì kọ̀wé sí ibi tó ga jù. Ibi tó ga jù náà ni UCH Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù kọkànlá 1957, tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Èkó, ilé ìwòsàn Igbóbì wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 nítorí àwọn ọmọ ogun tó ṣèṣe nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tí ìbọn bú mọ́ lọ́wọ́ máa ń bẹ̀rù pé wọ́n á bi òun léèrè ìwé ọlọ́pàá, á wá sá sínú oko pẹ̀lú ọgbẹ́. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2017 ti sọ ọ́ di dandan fún ilé ìwòsàn láti tọ́jú ẹni tí ìbọn bà láì kọ́kọ́ béèrè ìwé ọlọ́pàá. Ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ mọ èyí.

Nínú tíátà, fífọ̀ ló ṣáájú. Wọ́n á da omi iyọ̀ púpọ̀ sínú oríkèé, wọ́n á fi ẹ̀mú mú ìpẹ́pẹ́ pákí àti irin kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gé ohun tó ti kú. Ọgbẹ́ ẹ̀rọ sábà máa ń gbà kí wọ́n padà wọlé lẹ́yìn ọjọ́ méjì láti tún un fọ̀, nítorí ẹran tó dà bíi pé ó yè lọ́jọ́ kìíní lè kú lọ́jọ́ kejì. Eegun tó fọ́ ni wọ́n ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún pọ̀, irin tí Martin Kirschner ará Jámánì gbé jáde ní 1909. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì wà káàkiri. Bí ojú oríkèé bá rún wómúwómú, wọ́n lè gún irin náà gba òkè àti ìsàlẹ̀ oríkèé, kí wọ́n fi rọ́bà so wọ́n, rọ́bà á máa fa eegun yà kúrò lára ara wọn, ìka á sì máa ká nínú rẹ̀ bí ó ti ń jinná lọ. Láti Japan ni ọ̀nà yìí ti wá, Suzuki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ̀wé lé e lórí ní 1994. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ àti rọ́bà ni gbogbo ohun èlò rẹ̀, ó bá àwọn ilé ìwòsàn wa mu gan-an.

Ohun kan tún wà tí inú mi dùn sí púpọ̀. Donald Lalonde, oníṣẹ́ abẹ ará Kánádà, wà lára àwọn tó fi hàn pé wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ ọwọ́ nígbà tí aláìsàn bá la ojú sílẹ̀ kedere, tí kò sí okùn tí wọ́n fi fún apá rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má dà. Abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ibẹ̀ kú ni wọ́n á gún un, pẹ̀lú adirẹnalíìnì tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà pé adirẹnalíìnì á mú kí ìka kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sí owó nìkan. Tí wọ́n bá rán iṣan tán, kí wọ́n tó pa awọ dé, oníṣẹ́ abẹ á ní kí aláìsàn ká ìka rẹ̀. Yóò fi ojú ara rẹ̀ rí iṣan náà bó ṣe ń yọ̀ lọ, yọ̀ bọ̀ nínú àpò. Bí ibi tí wọ́n rán bá há, wọ́n á tún un ṣe níbẹ̀. Aláìsàn náà á rí i pé ìka òun ń ká, ohun tó rí yìí á sì wà lọ́kàn rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ìrora á máa sọ fún un pé kó má sún un.

Oríkèé kò ṣeé tún ṣe níbi tí kò sí awọ. Bí ẹ̀rọ bá ti ha awọ lọ tí eegun sì wà níta, wọ́n ní láti mú awọ tó ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jù lọ́dọ̀ wa ni ti abẹ́ ikùn, níbi tó ti pàdé itan, èyí tí Ian McGregor àti Ian Jackson kọ̀wé lé lórí ní Scotland ní 1972. Wọ́n á ṣí awọ pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á rán ọwọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ á sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó gé e kúrò. Ó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, ó sì ń ni wọ́n lára láti wẹ̀ àti láti sùn. Kí wọ́n máa yí èjìká àti ìgúnpá ní gbogbo àkókò náà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èjìká náà á gan mọ́ ìka.

Ìgbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti bò ni ìpinnu tí mo sọ ń dé. Bí ojú oríkèé bá ti bàjẹ́ tán, wọ́n lè so eegun méjèèjì pọ̀ kí wọ́n di ọ̀kan. Oríkèé yẹn ò ní ká mọ́ láyé, ṣùgbọ́n kò ní dunni mọ́, kò sì ní yẹ̀. Igun tí wọ́n so ó sí ṣe pàtàkì: ní oríkèé àárín, nǹkan bí 40 dígírì fún ìfábẹ̀lá, kó máa pọ̀ sí i títí tí yóò fi tó nǹkan bí 55 fún ọmọńdinrín, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìka ṣe ń ká bí ọwọ́ bá di nǹkan mú. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n gé díẹ̀ nínú eegun kékeré kan ní ọrùn ọwọ́, ní ìhà ọmọńdinrín, kí wọ́n fi rọ́pò etí eegun àárín tó fọ́. Kòtò tó wà lára eegun náà bá ojú oríkèé ìka mu lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ojú eegun kejì bá ṣì dán. Ọ̀nà kẹta ni oríkèé sílíkóònù tí Alfred Swanson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960. Ó ti ran àwọn tí àrùn oríkèé ń dà láàmú lọ́wọ́ gan-an, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń ro oko, ó lè ṣẹ́ nínú ìka, wọn kì í sì í fi sínú ọgbẹ́ tó ti ní kòkòrò. Fún ọmọdé, wọ́n lè gbé oríkèé ìka ẹsẹ̀ kejì wá sí ọwọ́, nítorí eegun rẹ̀ á ṣì máa dàgbà pẹ̀lú ọmọ náà. Mírósíkóòpù ni wọ́n ń fi ṣe èyí.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Obìnrin tó ń bó pákí fi àtàńpàkò àti ìfábẹ̀lá di ọ̀bẹ mú. Bí oríkèé àárín ìfábẹ̀lá rẹ̀ bá bàjẹ́, mo rò pé kí wọ́n so ó pọ̀ ló dáa fún un: ọ̀bẹ ń fẹ́ ibi tó dúró ṣinṣin láti fara tì. Bó bá jẹ́ ọmọńdinrín tàbí ìka tó tẹ̀ lé e ni, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí àwọn yẹn ló ń dé mọ́ ọ̀pá ọkọ́ àti etí garawa. Kíká díẹ̀ níbẹ̀ sàn ju agbára lọ. Télọ̀ àti ẹni tó ń hun aṣọ òkè lè fẹ́ ohun tó yàtọ̀ pátápátá. Nígbà mìíràn, ìka kan tó gan, tó ń dunni, tó sì ń dí àwọn yòókù lọ́wọ́, gígé ló máa dá ọwọ́ náà padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì yẹ kí dókítà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ di ọ̀tá. Àtàńpàkò nìkan ni kò sí nínú ìṣirò yìí. Gbogbo ohun tó bá ṣeé gbà là lára rẹ̀ ni kí wọ́n gbà là, bó tilẹ̀ kúrú.

Ìka tó ń ká tí kò mọ nǹkan kan lára náà ní ewu tirẹ̀. Paul Brand, oníṣẹ́ abẹ tó tún ọwọ́ àwọn adẹ́tẹ̀ ṣe ní Vellore ní ilẹ̀ Íńdíà láti òpin àwọn ọdún 1940, rí i pé ọwọ́ tí kò mọ ìrora ló ń pa ara rẹ̀ lára. Ẹni tí iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ já tó sì padà sídìí agbada gàrí lè jó ìka náà dé eegun kó tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n bá rán ń hù ní nǹkan bíi mìlímítà kan lóòjọ́, ó sì lè pẹ́ gan-an kó tó dé orí ìka. Nítorí náà, ojú ni kí ó máa fi ṣọ́ ọ.

Owó tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń fi owó àpò ara wọn san gbogbo rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ètò adójútòfò ìlera, OYSHIA, ó sì dáa kí àwọn tó ń ṣe gàrí béèrè nípa rẹ̀ kí ìjàm̀bá tó dé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ dáadáa ti ń ṣòfò ni lẹ́yìn tí wọ́n bá ti padà sílé. Iṣan tí wọ́n rán gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà òṣìṣẹ́ físíò, nínú pátákó tí kì í jẹ́ kó nà ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí òṣìṣẹ́ físíò bá ti gbà á láàyè, eré ìdárayá tí wọ́n ń ṣe jù rọrùn. Aláìsàn á fi ọwọ́ kejì di ìdí ìka mú kí ó má sún, á wá ká oríkèé àárín nìkan, á dá a dúró díẹ̀, á tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà á di eegun àárín mú, á ká orí ìka. Ìgbà díẹ̀ díẹ̀ ní wákàtí wákàtí sàn ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó le lóòjọ́. Àwọn ará ilé á ní, “Ìyá, ẹ sinmi, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan,” ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n má gba ìdárayá.

“Dókítà, ìgbà wo ni mo lè padà sẹ́nu iṣẹ́?” Bó bá jẹ́ oríkèé tí wọ́n so pọ̀ ni, ìgbà tí àwòrán X-ray bá fi hàn pé eegun ti mú ara wọn ni, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ iṣan ni, iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àpò pákí àti garawa omi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nítorí iṣan tí wọ́n rán lè tún já kó tó dìgbà náà. Wíwú ìka lè lò tó ọdún kan kó tó lọ tán. Bí ó bá tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà tí ìka kò tíì ká bó ṣe yẹ, dókítà á fi ọwọ́ tirẹ̀ ká a. Bó bá ká lọ́wọ́ dókítà ju bó ṣe ń ká fúnra rẹ̀ lọ, iṣan ló lẹ̀ mọ́ nǹkan. Bí kò bá ká lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, oríkèé fúnra rẹ̀ ló gan. Iṣan tó lẹ̀ ṣeé tú pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ kejì, tí awọ ojú ọgbẹ́ bá ti rọ̀, ìdárayá rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bá jáde ní tíátà.